Ọmọ Mi Ni Mo Mú Lọ fún Àyẹ̀wò Etí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ ń ṣe kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in dáadáa. Èmi náà ti rín tèmi, lẹ́yìn tí mo sunkún tán.

Ọ̀rọ̀ Ìní ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi mọ̀ ọ́n, ọmọ mi obìnrin tó máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́, tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì masíìnì mi, tó ń to àkísà aṣọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó ṣáà ti gbọ́ pé òun ni olóríkunkun àdúgbò wa ní Aládé, ní Ìdànrè. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, àkísà rẹ̀ ló ń tò. Ẹ wá figbe ta, á gbójú sókè, á máa wò yín bí ẹni pé àtàárọ̀ ló ti ń retí kẹ́ ẹ pe òun!

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu mi: "Ìní, àbí etí ẹ di ni?" Ẹnu ìyá mi ni mo ti jogún ẹ̀ ní Atosin tí mo dàgbà sí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ogún kì í ṣe ilé àti ilẹ̀ nìkan, àbí?

Nígbà tí táàmù parí, tíṣà rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má bínú, pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, Ìní ò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Praimárì Wán. Ó ní bí òun bá ní kí wọ́n mú ìwé, Ìní á kọ́kọ́ wo ọmọ tó jókòó tì í kó tó mọ ohun tí wọ́n ń mú. Ó ní bóyá ọpọlọ ẹ̀ ni kò tíì jí.

Ọpọlọ! Ọmọ tó máa ń to àkísà mi ní àwọ̀ àwọ̀! Ọmọ tó máa ń rí bọ́tìnì tó já lára aṣọ oníbàárà kí èmi tí mo rán an tó rí i!

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ó jọ pé ohùn kì í wọ ọmọ yìí létí dáadáa. Bàbá Ìní, tó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ní kò sí nǹkan kan, pé ariwo masíìnì mi ló ń da ọmọ láàmú. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní kí á dákẹ́ àríyànjiyàn, pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra àwọn.

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ràn Màmá. Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọ́n sì ní agogo ọwọ́ kan tí wọ́n fi ń pe gbogbo ilé sí àdúrà láàárọ̀. Bí agogo yẹn bá dún nínú pálọ̀ wa, àwọn tó ń sá kòkó lódìkejì títì á ṣe àmín! Màmá mú un, wọ́n yọ́ lọ sẹ́yìn Ìní níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà, wọ́n sì mì í sí i létí: gbanran-gbanran!

Ìní fò sókè. Ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀.

Ìdájọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Màmá ní etí ọmọ dá ṣáṣá, pé orí ló le, pé ẹ̀mí agídí lásán ni. A gba àdúrà ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀mí agídí. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há. Ẹ̀mí agídí ò tiẹ̀ mira.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ wá kọjá eré. Ìní fẹ́ sọdá títì lọ bá àwọn ọmọ tó ń ṣeré lódìkejì. Ọ̀kadà kan ń sáré bọ̀ látòkè, ó ń fọn fèrè. Mo pariwo orúkọ ọmọ mi láti ìdí masíìnì. Kò wẹ̀yìn! Ọlọ́kadà ló tẹ búréèkì tí táyà fi ké, ó kù díẹ̀... ẹ jẹ́ kí n má parí ẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí tìkà-tìkà, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kọ́ ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́ o!"

Ẹ̀rù àti ìtìjú dà pọ̀ mọ́ mi lára. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi, mo sì nà án. Mo nà án gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí ọwọ́ mi rọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Kì í ṣe pé ó ń bá mi jiyàn o. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò nítorí ọ̀fìnkìn tí kì í tán lára ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ń bá a ṣeré. Ó béèrè orúkọ ẹ̀, Ìní dáhùn. Ó wá fi fáìlì bo ẹnu ara ẹ̀, ó béèrè ọmọ ọdún mélòó ni. Ìní kàn ń wo fáìlì. Nọ́ọ̀sì gbé fáìlì kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìní, ẹnu èèyàn lọmọ yìí ń kà o." Ó kọ ìwé fún wa pé ká lọ ṣe àyẹ̀wò etí ní Àkúrẹ́.

Màmá ní àwọn á bá wa lọ. Mo rò pé àánú ọmọ ló ṣe wọ́n. A wọ mọ́tò tán, mo wá ń gbọ́ ohun kan tó ń dún nínú báàgì wọn nígbàkigbà tí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò. Agogo! Wọ́n gbé agogo dání! Wọ́n ní kí àwọn dókítà rí i fúnra wọn, kí wọ́n má baà fi ọjọ́ wa ṣòfò.

Ẹni tó ń yẹ etí wò níbẹ̀ ò lè ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Orúkọ iṣẹ́ ẹ̀ gùn, ahọ́n mi ò gbé e, nítorí náà Aǹtí Elétí ni màá máa pè é. Ó mú wa wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri ẹ̀ látòkè délẹ̀. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn, ariwo ayé dá. Mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Màmá ò jẹ́ ká jókòó tán. Gbanran-gbanran! Nọ́ọ̀sì kan já ilẹ̀kùn wọlé, ó rò pé iná ló ń jó. Màmá nawọ́ sí Ìní tó ti yíjú, wọ́n sì fi èdè Ìdànrè tó jinlẹ̀ bí kànga ṣe àlàyé gbogbo ẹ̀. Aǹtí Elétí yíjú sí mi, ó ní kí ni Màmá wí? Ká ní àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ ni, Aǹtí Elétí ti fẹ́ìlì!

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Kò fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní agogo dà bí ẹni tó ń fi ọmọ odó gbá ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sùn lọ fọnfọn náà á jí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèyàn kì í ṣe ọmọ odó. Àwọn ohùn kan wà nínú ẹ̀ tó kúnná bí ìyẹ̀fun, tí kò dún ju èémí lọ. Ọmọ lè gbọ́ agogo, kó má gbọ́ àwọn yẹn, ọ̀rọ̀ á sì máa dé etí ẹ̀ ní àjákù.

Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò nìyẹn. Wọn ò wá mọ̀ bóyá èèyàn ń gbọ́ tàbí kò gbọ́ lásán. Wọ́n fẹ́ mọ ohùn tó kéré jù lọ tí etí yẹn ṣì lè mú, bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn tíńrín bí ti ẹyẹ títí dé orí ohùn ńlá bí ti ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Etí ọ̀tún lọ́tọ̀, etí òsì lọ́tọ̀.

Mo ní lọ́tọ̀ bí i ti báwo? Ṣé kì í ṣe orí kan náà ló gbé méjèèjì ni? Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Iṣẹ́ tí Ìní máa ṣe ò le. Wọ́n á fi ohun tí a fi ń gbọ́ orin bò ó létí, wọ́n á kó ìdérí ìgò fún un, abọ́ kan á wà níwájú ẹ̀. Bó bá ti gbọ́ "pìì" báyìí, bó ti wù kó kéré tó, kó sọ ìdérí kan sínú abọ́. Ó parí!

Ìní kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí nǹkan dúdú yẹn gbá òun létí mú. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Aǹtí Elétí wá ní kí Mọ́mì kọ́kọ́ ṣe é, kí Ìní rí i pé kì í dunni.

Èmi ọlọ́gbọ́n bá jókòó. Mo gbé nǹkan náà kọ́rí bí dìjéè. Pìì, mo sọ ìdérí kan. Pìì tó kéré díẹ̀, mo sọ ìkejì. Ó kéré títí ó fi kù bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì, mo ṣì ń sọ. Mo wo Màmá bí ẹni tó gba ipò kìíní. Aǹtí Elétí ní ó dára, ọ̀tún ti parí, ó kan òsì.

Mo dúró.

Mo dúró síwájú sí i. Mo rò pé ó ń sinmi. Mo rẹ́rìn-ín sí Ìní. Nígbà tó pẹ́, mo sọ fún Aǹtí Elétí pé ẹ̀rọ wọn ti kú o, àbí iná ti lọ ni?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sídìí àga mi, ó yọ nǹkan náà lórí mi, ó yí i padà, kí èyí tó wà ní òsì lè bọ́ sí ọ̀tún. Pìì! Ó ń dún kedere. Ẹ̀rọ ò kú, iná ò lọ. Ó tún yí i padà sí bó ṣe wà, ó ní òun máa wá fi ohùn kan bíi òjò orí páànù kún etí ọ̀tún mi. Ó ní bí ohùn bá le lápá òsì, ó lè gba inú egungun orí sọdá lọ sọ́dọ̀ etí ọ̀tún, kí etí tó dáa sì máa jẹ́rìí èké fún èkejì rẹ̀. Òjò yẹn ni kò ní jẹ́ kó gbọ́.

Mo jókòó sínú òjò. Òjò nìkan ni mò ń gbọ́.

Ni mo bá rí Màmá tí wọ́n dìde. Ẹnu wọn ń lọ, ọwọ́ wọn ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Wọ́n wá sídìí abọ́, wọ́n mú ìdérí kan, wọ́n sọ ọ́ sínú ẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún sọ òmíràn. Ẹ gbà mí o! Ìyá ọkọ mi ń bá mi ṣe ìdánwò kí n má baà fẹ́ìlì!

Ìgbà tí mo ṣí etí ni Ìní tó ti ń ka ẹnu Màmá sọ ohun tí wọ́n ń wí fún mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó ń dún! Àní èmi ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí! Àbí etí ẹ di ni?"

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ń gbọ́ ohùn tó ń jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Èmi tí wọ́n dè é mọ́ létí ò gbọ́.

Aǹtí Elétí fi ìwé hàn mí. Òbìrí pupa fún ọ̀tún, gbogbo wọn tò lókè bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Àmì búlúù tí wọ́n fi ìlà méjì dábùú ara wọn ni tòsì, ìyẹn sì ti jábọ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tó já láti orí Òkè Ìdànrè láìfẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn kankan. Màmá wò ó, wọ́n ní ó kúkú dà bí àgbélébùú, kò lè jẹ́ ohun búburú.

Aǹtí Elétí bi mí bóyá mo ṣàìsàn kan ní kékeré. Mo ní rárá o, èmi tí ara mi le! Àfi sẹ̀gẹdẹ̀ tó mú mi ní Praimárì Tú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu, tí ìyá mi fi aṣọ dì mí lórí. Ó mi orí. Ó ní sẹ̀gẹdẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, á lọ, á sì mú etí kan lọ.

Ṣé èèyàn lè wà pẹ̀lú etí kan láti ọdún yẹn wá kó má mọ̀? Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, pé ọmọdé kì í mọ̀ pé àwọn ẹlòmíì ń gbọ́ ju òun lọ, á kàn kọ́ bí á ṣe máa yí orí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan lọ́kàn mi. Fóònù, ọ̀tún nígbà gbogbo. Bí ọ̀kadà bá fọn fèrè, ńṣe ni mo máa ń yí po lójú títì bí adìẹ, mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn!

Mo wá rántí tíṣà mi ní Praimárì Tírì. Ó máa ń gba apá òsì mi wá, á pè mí, mi ò ní dáhùn, á fi pàṣán ta mí lẹ́yìn. Olóríkunkun lorúkọ tó sọ mí. Mo rántí ohun tí mo bi í lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ikun nímú.

"Sà, kí ni mo ṣe?"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, nínú yàrá tí ariwo kì í jáde, àfi ti agogo Màmá. Ó kúkú dára bẹ́ẹ̀.

Ìní, tí mo tìtorí ẹ̀ wá, rí i pé eré ìdérí yìí le débi pé Mọ́mì sunkún, ó ní òun náà máa ṣe é! Ó jókòó, ó ṣe é. Ó ń pa ohùn kéékèèké jẹ, ti àwọn tó sókè díẹ̀ ló ń sọ ìdérí fún. Lẹ́yìn náà wọ́n fi nǹkan kékeré kan tẹ egungun ẹ̀yìn etí ẹ̀, tí ohùn á gba inú egungun wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ wá wo ìdérí! Tọ́, tọ́, tọ́! Kò jẹ́ kí ọ̀kan sọnù. Wọ́n tún ki nǹkan rírọ̀ kan bọ̀ ọ́ létí, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí awọ inú etí láti mọ̀ bóyá ó ń mì. Kò mì.

Aǹtí Elétí ní inú ilé dára, ẹnu ọ̀nà ló dí. Omi ló wà lẹ́yìn awọ etí ẹ̀ méjèèjì, látinú ọ̀fìnkìn tí kì í tán yẹn. Ó fún wa ní oògùn imú, ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pé omi náà lè gbẹ fúnra ẹ̀, bí kò bá gbẹ, iṣẹ́ abẹ kékeré wà tí wọ́n fi ń fà á jáde. Ó kọ lẹ́tà sí tíṣà pé kí Ìní jókòó níwájú, kí wọ́n kọjú sí i kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ níbẹ̀!

Nínú mọ́tò tí à ń bọ̀ wálé, agogo ò dún mọ́, Màmá ti fi gèlè wé e. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bá àwọn pààrọ̀ ìjókòó. Wọ́n bọ́ sí ọ̀tún mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, apá ibo ni mo máa ń jókòó sí bí a bá ń bó ẹ̀gúsí?"

Mo ní òsì ni, Màmá.

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Òsì náà ni.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọbẹ̀ rẹ..."

Mo ní, "Ọbẹ̀ wo, Màmá?"

"Ọlọ́run mi o!" Ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́fà gbáko ni Màmá fi ń jẹ́rìí mi nínú ìpàdé àwọn obìnrin? Ìyàwó tí kì í fèsì! Ìyàwó tó ní sùúrù! Bí wọ́n bá bú u, kò ní la ẹnu! Ìwà rere mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé sẹ̀gẹdẹ̀ ni gbogbo ẹ̀!

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà rín in. Ìní ń wo ẹnu wa.

Ti Bàbá Ìní tiẹ̀ tún lágbára. Apá òsì mi lòun náà máa ń sùn. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó, ó ní òun ti bẹ̀ mí nípa ọ̀rọ̀ kan nígbà mẹ́ta, mo dákẹ́, òun sì rò pé mi ò tíì dárí ji òun. Mo ní ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó ní kò sí, ó ti kọjá. Mo ní kó ṣáà tún un sọ lápá ọ̀tún. Ó ní rárá o!

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan wà tí èmi jẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìní, lẹ́bàá tábìlì masíìnì, kó lè rí ẹnu mi. Mo ní kó má bínú nítorí ọjọ́ ọ̀kadà, pé mo nà án láìṣẹ̀. Ó wò mí. Ó ti gbàgbé, tàbí kò fẹ́ rántí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó yí orí mi díẹ̀, kí etí ọ̀tún mi lè kọjú sí i, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ṣe?"

Mo gbé e mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, kí á tó pe ọmọ ní olóríkunkun, ẹ jẹ́ ká yẹ etí ẹ̀ wò níbi tó yẹ. Bó bá ń wo ẹnu yín jù, bí ọ̀fìnkìn ẹ̀ kì í bá tán, bó bá ń dáhùn níwájú tí kì í dáhùn lẹ́yìn, ẹ gbé e lọ. Agogo wà fún àdúrà. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ ṣe tiyín pọ̀ mọ́ ọn, kí ọmọ yín má baà mú yín lọ bí tèmi ṣe mú mi lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n nà rí nítorí ohun tí kò gbọ́? Ta ló na ọmọ ẹ̀, tó wá kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá sì pàdé mi ní Aládé, tẹ́ ẹ kí mi tí mi ò dáhùn, ẹ má sọ pé ìgbéraga ni, ẹ má sì sọ pé sùúrù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ọ̀tún.